Ìtumọ̀ "Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí"

Ẹni tó béèrè ìtumọ̀ òwe yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé àlàyé tí àwọn alága ayẹyẹ ń ṣe kiri ní Òṣogbo níbí, pé ìlò ló ń sọ ara di àkísà, nítorí náà kí màmá àgbà jókòó, kí wọ́n má fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Ọmọdé tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àgbà ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí.

Agbo ilé aláró ni wọ́n bí mi sí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo mọ aṣọ. Òótọ́ ni pé ìlò àti fífọ̀ ń mú aṣọ gbó díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ èyí tí ìdọ̀tí jókòó sí lára tí ọṣẹ ò ràn mọ́ ló máa ń tètè di àkísà. Mo gbà pé ohun tí àwọn baba wa rí nìyẹn, ara èèyàn náà kò sì jìnnà sí i.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara, ló ní ibi tó ti ń lọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúnná, tí wọ́n ń pè ní lysosome. Christian de Duve, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Bẹ́ljíọ́mù, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 1974, ìwádìí rẹ̀ lórí lysosome sì wà lára ohun tó gbé e débẹ̀. Ní 2016, Yoshinori Ohsumi ará Jàpáàn gba tirẹ̀. Ìwúkàrà, ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ń mú ìyẹ̀fun wú, ló febi pa títí tó fi rí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kó ògbólógbòó nǹkan inú rẹ̀ lọ síbi tí yóò ti lọ̀ wọ́n, tí yóò sì tún wọn lò.

Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, iṣẹ́ yìí a máa dẹ̀. Èyí tí lysosome kò lè lọ̀ mọ́ a dì síbẹ̀, ní pupa rúsúrúsú. Lipofuscin lorúkọ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì awọ ara ń pín sí méjì, ẹrù náà sì ń pín. Ti ọkàn àti ti ọpọlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ pín, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń kó jọ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun nìkan kọ́ ló ń sọni di arúgbó o, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń fi gbohùngbohùn ta àgbo ìfọnú náà, bí ẹni pé yóò fọ irú ìdọ̀tí yìí kúrò, ẹ má dá wọn lóhùn. Ìfun ni àgbo wọn mọ̀, kò dé inú sẹ́ẹ̀lì.

Ó dùn mí pé a ti gbàgbé báwọn ìyá aláró ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Arúgbó ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń ró aró, wọ́n ń rìn lọ sọ́jà. Lónìí, ọmọ á gbé ìyá rẹ̀ sórí àga láti àárọ̀ dalẹ́, á ní òun ń tọ́jú wọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn olùwádìí ti rí i lára eku pé tó bá ń sáré, iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ inú sẹ́ẹ̀lì iṣan rẹ̀ ń yára sí i ni.