Èsì lórí àwọ̀ àdìrẹ lójú kọ̀ǹpútà àti kámẹ́rà tó ń tọpa ojú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ìdí tí àwòrán àdìrẹ tí ẹ yà ní Ìtòkú fi ń yí àwọ̀ lójú kọ̀ǹpútà bó bá di alẹ́, àti bóyá kámẹ́rà kọ̀ǹpútà lásán lè tọpa ojú ẹ̀gbọ́n yín tí ọwọ́ wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí wọ́n lè máa fi ojú lo kọ̀ǹpútà.

f.lux, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ ní ó wà lórí ẹ̀rọ yín, ló fà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín ìmọ́lẹ̀ búlúù kù bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìdí nìyẹn tí aró fi ń dà bí èyí tó ti ṣá, tí ojú ibi tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún dí, tó yẹ kó funfun, sì ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ pa á kí ẹ tó tún àwòrán kankan ṣe, kí ẹ sì yí ojú ẹ̀rọ sí 6500K, ìyẹn ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí funfun rí bíi funfun ojú ọ̀sán.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, WebGazer, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọpa ojú, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà, ń lo kámẹ́rà lásán lórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè bá wọn tẹ máòsì níbi tí wọ́n bá ń wò, kó lè kọ́ ojú wọn. Kò lè dá bọ́tìnnì kéékèèké mọ̀ yàtọ̀, nítorí náà ẹ lo èyí tó tóbi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjú sí fèrèsé, torí bí ó bá wà lẹ́yìn wọn, ojú wọn yóò ṣókùnkùn nínú kámẹ́rà.