Kò Sókun Ní New Bussa, Kí La Máa Fi Kọ́ Ọmọ Apẹja?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní New Bussa, ọmọ apẹja ló pọ̀ jù ní kíláàsì mi. Ọ̀rọ̀ òkun ló kún ìwé wọn, òkun sì jìnnà sí wa. Kí ni wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe?

ÌDÁHÙN: Tíṣà wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní adágún Kainji látìgbà tí wọ́n ti parí dáàmù yẹn ní 1968, kí lẹ tún ń wá òkun lọ fún? Ẹ gé ìdérí báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ kùn ún ní dúdú, funfun, dúdú, funfun, ẹ so òkúta mọ́ ọn nísàlẹ̀, ẹ so okùn mọ́ àárín ẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ wá ta kókó sí okùn náà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọmọ á rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbi tí oòrùn ò ti ta, ibi tí ò ti rí i mọ́ ni kó ti ka kókó. Secchi disk lorúkọ ẹ̀, òun ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe mọ́ tó, àtọdún 1865 ló ti wà, àwọn onímọ̀ òkun ṣì ń lò ó.

Ẹ ṣe é látìgbà òjò wọnú ọyẹ́, ibẹ̀ ladùn ẹ̀ wà. Omi òjò máa ń gbé ẹrẹ̀ wọlé, ìdérí yẹn ò ní pẹ́ pòórá, àmọ́ omi Odò Ọya tó ti Guinea wá ti fi ẹrẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ ní Mali kó tó dé ọ̀dọ̀ yín nígbà ọyẹ́, ó mọ́ jùyẹn lọ. Àwọn bàbá wọn kúkú mọ̀ ọ́n tipẹ́, káwọn ọmọ bi wọ́n léèrè ẹja tó ń kó sáwọ̀n nígbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà wọn. Láìwọ life jacket, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí ọmọ kankan má wọkọ̀ o, bó ti wù kó mọ odò wẹ̀ tó.