Èsì: Káńsù kọ̀ láti fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ìwé àṣẹ nítorí ewu ojú pópó

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá káńsù lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ fún yín nítorí ewu ojú pópó, nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ilé ìkẹ́rùsí di ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ o. Àmọ́ ìlànà ìjọba ní England ni pé ewu náà gbọ́dọ̀ ju ohun tó ṣeé gbà lọ, tàbí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó máa dá sílẹ̀ le gan-an. Kí aládùúgbò kàn máa kùn nípa ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan kò tó.

Ẹnu ọ̀nà yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Níbi tí ọkọ̀ ti ń sá 30 máìlì ní wákàtí, ìwé ìlànà òpópónà tó jáde ní 2007 fẹ́ kí awakọ̀ tó ń jáde, tó dúró ní mítà 2.4 sẹ́yìn etí títì, lè rí bíi mítà 43 lọ́tùn-ún àti lósì. Ògiri tàbí ọkọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lè dí i. Ẹ mú téèpù, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín.

Ẹ tún ka ọkọ̀ tó ń wá ní Sunday àti (ká má tan ara wa) lálẹ́ ìṣọ́ òru. Tẹ́ ẹ bá máa pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Planning Inspectorate (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀), oṣù 6 lẹ ní láti ọjọ́ ìpinnu.