Ẹ Bi Lọ́yà: "Nisi" Kò Tíì Tú Ìgbéyàwó Ká

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ 12 oṣù kejì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga dá ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ èmi àti ọkọ mi. "Decree nisi" ni wọ́n kọ sórí ìwé tí mo gbà. A ti mú ọjọ́ ìdána mi pẹ̀lú ẹlòmíràn sí 26 oṣù kẹrin. Ṣé kò séwu? (Abilékọ kan, Ìbàdàn)

Ewu wà o. Ẹ sún ìdána yẹn síwájú. "Nisi" ni pé adájọ́ ti gbà pé ìgbéyàwó náà ti dàrú, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ kò tíì já. Oṣù 3 gbáko ló máa kọjá kó tó di "decree absolute", ìyẹn ìkọ̀sílẹ̀ gan-an. Tiyín á pé ní 12 oṣù karùn-ún. Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé ètò ìtọ́jú rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Ọjọ́ 28 lẹ́yìn ìyẹn tàbí oṣù 3 yẹn, èyí tó bá pẹ́ jù la máa kà. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà lè dá a dúró.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìdána kò kan kóòtù. Ó kàn án. Ẹni tó ṣì wà nínú ìgbéyàwó rejísírì kò lè fi àṣà ìbílẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn. Òfo ni ìdána bẹ́ẹ̀. Bó bá wá jẹ́ rejísírì lẹ tún gbà lọ, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 7 wà fún un nínú Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn. Àwọn ènìyàn kì í sì í ronú kan èyí: bí ọkọ yín bá kú kí oṣù 3 tó pé, nisi náà kò lè di absolute mọ́. Opó rẹ̀ lẹ jẹ́.

Bí ọjọ́ bá ti pé, ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí absolute tó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù.

Rejísírì la ti ṣègbéyàwó, kóòtù ìbílẹ̀ ló tú wa ká. Wọ́n ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wa ò wúlò. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Matrimonial Causes Act ọdún 1970, ìyẹn òfin tó ń darí ẹjọ́ ìgbéyàwó rejísírì, kò gbé ìgbéyàwó rejísírì fún kóòtù ìbílẹ̀, kódà bí ẹ ṣe ìdána ṣáájú. Ilé Ẹjọ́ Gíga lẹ máa lọ, ẹ̀rí lẹ sì máa kó dání. "A ò fẹ́ra mọ́" kò tó. Bí ẹ bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 léraléra kí ẹ tó pẹjọ́, tí ẹnì kejì ò sì takò ó, ó tó. Bó bá takò ó, ó di ọdún 3. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ pínyà sílẹ̀ gẹ́lẹ́. "Bí ọdún méjì báyìí" ni lọ́yà ìdàkejì máa ń gbá mú.

Wọ́n kọ "custody" fún ìyàwó mi, "access" fún èmi. Kò jẹ́ kí n rí ọmọ. Ṣé kí n dá owó oúnjẹ dúró?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Custody ni pé ọwọ́ rẹ̀ lọmọ ń gbé. Access ni ẹ̀tọ́ yín láti rí i. Àṣẹ ọ̀tọ̀ ni ti owó. Ẹ máa san án, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ wá padà sí kóòtù tó dá ẹjọ́ náà fún ti access.