Owó fàdákà 1918 inú àpótí bàbá: ṣé owó ìgbà ìyanṣẹ́lódì Imoudu ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ń gbé. Bàbá tó bí bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo. Inú àpótí wọn la ti rí ṣílè méjì ẹyọ kan tó ní igi ọ̀pẹ àti ọdún 1918. Wọ́n ní òun ni owó iṣẹ́ tí wọ́n gbà kẹ́yìn kí wọ́n tó daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà ìyanṣẹ́lódì òṣìṣẹ́ tí Imoudu ṣíwájú ní 1945. Ó ti dúdú. Ẹnìkan fẹ́ rà á kó lè yọ́ ọ. Ṣé kí n fọ̀ ọ́? Ṣé òótọ́ ni ìtàn náà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì tíì tà á. Dúdú tó dú yẹn kò bà á jẹ́. Iyanrìn àti ọṣẹ ìfọyín máa ń ha ojú owó, ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ ẹ́, ohun tó bá sì ti ha lọ kì í padà. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa fi ọwọ́ mú, kí ẹ fi bébà funfun wé e. Ẹ má fi rọ́bà dì í.

Fàdákà ni lóòótọ́. Láti 1913 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ owó yìí fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdá 92.5 nínú 100 rẹ̀ ni fàdákà. Nígbà tí fàdákà wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n yí i sí idẹ ní 1920. Ọdún yẹn gan-an ló máa ń rú ènìyàn lójú, torí àti fàdákà àti idẹ ló ní 1920 lára. Tiyín kò ní wàhálà. Lórí òṣùwọ̀n, ó yẹ kó tó gíráàmù 11.

Ti Imoudu wá ńkọ́? Ogun Hítílà ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó, owó òṣìṣẹ́ kò sì tó gbọ́ bùkátà mọ́. Wọ́n ti Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè, mọ́lé ní 1943, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní 1945. Oṣù Kẹfà ọdún náà kò tíì parí tí ìyanṣẹ́lódì fi bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní ogójì ọjọ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè fún lébìrà ni ṣílè méjì àti sísì (ìdajì ṣílè) lójúmọ́. Ẹ wo owó ọwọ́ yín: ẹ fi sísì kan lé e, ohun tí àwọn bàbá wa torí rẹ̀ fara da ebi nìyẹn. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí ìjọba gbé kalẹ̀ wá dá wọn láre lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún wọn nítorí ọ̀wọ́n gógó ọjà.

Ṣùgbọ́n owó náà nìkan kò lè jẹ́rìí. Ó ti pé ọdún 27 ní 1945, idẹ sì ni ìjọba ń rọ nígbà yẹn. Lójú tèmi, owó àfipamọ́ ni, ó tilẹ̀ lè jẹ́ òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri, ló gbé e wọlé, torí ilé wo ní Iléṣà ni kò ní òṣómàáló? Ìyẹn kò sọ pé bàbá kò bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀ o. Ìwé ni yóò sọ. Ẹ tú ìsàlẹ̀ àpótí náà: ìwé ìgbanisíṣẹ́, káàdì ẹgbẹ́, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Kí ẹ sì gba ohùn àwọn àgbà ilé sórí fóònù láìpẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́.