Àlàyé tí oníbàárà lè fèsì sí: ohun tí ojú mi rí nídìí AI tó ń yáni lówó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè ìdí tí àwọn oníbàárà yín ṣì fi ń bínú, nígbà tẹ́ ẹ ti to ọ̀pá aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ ewé, tó ń fi ohun tó fà á sókè tàbí sílẹ̀ hàn, sábẹ́ ìpinnu AI yín (ẹ̀rọ tó ń pinnu ẹni tẹ́ ẹ máa yá lówó) kó lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, níléeṣẹ́ kan tó ń fi áàpù yá àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ lówó. Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń rí lójú fóònù wọn.

Àwọn ẹnjiníà ni ọ̀pá aláwọ̀ wà fún. SHAP, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó jáde ní 2017 láti fi ohun tó mú ẹ̀rọ ṣe ìpinnu hàn, ló sábà máa ń yà á, LIME tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sì ti fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn tó ṣe LIME dìídì kọ́ ẹ̀rọ kan ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ láti fi ìyàtọ̀ sáàárín ìkookò àti ajá husky tó jọ ọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, yìnyín tó wà nílẹ̀ ló ń wò, kò tiẹ̀ wo ẹranko. Ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe nílò irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò fẹ́ tún ẹ̀rọ kankan ṣe, owó ọjà ló ń wá.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí mo sọ yìí kì í ṣe àfiṣàpẹẹrẹ. Ó ti yáwó lọ́dọ̀ wa rí, ó sì san án pé. Ó tún padà wá, ẹ̀rọ ní rárá. Ohun tó rí lójú fóònù nìyí: "Ìbéèrè yín kò yege. Máàkì: 0.41." Ọ̀pá pupa mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ó yí fóònù síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá bi mí pé, "Ta ni mo ṣẹ̀ níbẹ̀?" Lójú tiẹ̀, ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó ń dì í sínú.

A wá tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ, ó di báyìí: "A ò lè yá yín ní 150,000 náírà lónìí, torí owó tó ń wọ àkáǹtì yín máa ń dín kù gan-an láwọn ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ 80,000 lẹ béèrè, a máa fún yín. Ṣé ohun tá a rí yìí kò rí bẹ́ẹ̀? Ẹ tẹ ibí kẹ́ ẹ sọ fún wa." Ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Kó tó kà á tán ni ìyá ti pariwo: "Háà, ọjà ọ̀rọ̀ọ̀rún ni mò ń ná mà!"

Ẹ gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ẹ̀rọ wa ń ka ọ̀sẹ̀ láti Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè. Ọjà ọ̀rọ̀ọ̀rún sì rèé, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń padà wá tẹ́ ẹ bá fi kàlẹ́ńdà òyìnbó kà á. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, mẹ́ta á ní ọjà méjì méjì, ìkẹrin á ní ẹyọ kan. Lójú ẹ̀rọ, òwò obìnrin yìí ń dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lójú ẹnikẹ́ni tó bá ń ná ọjà, owó rẹ̀ ń wọlé déédéé. Gbogbo data tá a kó jọ ní ọ́fíìsì kò sọ ìyẹn fún wa. Òun ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ojú fóònù yẹn ló sì fún un láyè láti sọ ọ́. Máàkì 0.41 kò ní èsì, àfi kéèyàn gbà á tàbí kó bínú.

Tim Miller, tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Ọsirélíà, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019 pé ẹni tó bá béèrè "kí ló dé" ti ní nǹkan míì tó ń retí lọ́kàn: kí ló dé tó fi jẹ́ èyí, tí kò jẹ́ ìyẹn? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yá mi lóṣù tó kọjá, tẹ́ ò yá mi lónìí? Ní 2017, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Sandra Wachter, Brent Mittelstadt àti Chris Russell, ti dábàá pé kí ẹ̀rọ sọ ohun tí ì bá yàtọ̀ tí ìdáhùn ì bá fi yí padà, láìjẹ́ pé ó ṣí gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀. Ká sòótọ́, olówó èlé sọgúndogójì pàápàá mọ èyí ṣe. Tí kò bá fẹ́ yá ẹ, á ní onídùúró rẹ kò tó, ìwọ náà á sì mọ̀ pé onídùúró míì lo máa lọ wá.

Àmọ́ kó jẹ́ ohun tágbára èèyàn ká o. Mo ti rí áàpù tó sọ fún bàbá kan pé tó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ì bá rówó gbà. Kí ni kí bàbá wá ṣe báyìí, kó tún ara ẹ̀ bí?

Ẹ ṣọ́ra fún àlàyé òfìfo pẹ̀lú. Nínú ìwádìí kan tí Ellen Langer, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1978, ẹnì kan fẹ́ bọ́ síwájú ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ fọtokọ́pì, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lò ó, torí mo fẹ́ ṣe fọtokọ́pì." Kò sí ìdí kankan nínú ìyẹn. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ ojú ìwé márùn-ún péré, àwọn èèyàn ń gbà fún un bí ẹni tó sọ ìdí gidi. Nígbà tó di ogún, kò jẹ́ mọ́. Ẹ lè fi "gẹ́gẹ́ bí ìlànà wa" tan èèyàn lórí fíìmù tí áàpù ní kó wò. Ẹ ò lè fi tan ẹni tó fẹ́ rajà.

Ọ̀gá wa ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Ó ní tá a bá ń sọ ìdí, wọn á máa fi dọ́gbọ́n sí wa. Ìdáhùn mi ò ju pé: tí ìdí náà bá jẹ́ pé kí wọ́n máa san owó lásìkò, ẹ jẹ́ kí wọ́n dọ́gbọ́n sí i, ohun tá a fẹ́ náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ iye nọ́ńbà tó wà nínú fóònù wọn, kí ló ń wá nínú ìpinnu wa látilẹ̀? (Google ti wá sọ ọ́ ní 2023 pé áàpù owó yíyá kò gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ kọ́ńtáàtì àti fọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́. Inú mi dùn gan-an.) Ohun tẹ́ ẹ bá ń tijú láti sọ fún oníbàárà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ̀rọ ń wò.

Ti chatbot, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀, tẹ́ ẹ sọ pé ẹ fẹ́ fi kún un kó máa ṣàlàyé, mi ò bá yín dá a. Ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tó ń yáni lówó ń pinnu. Yóò máa to ìdí tó bá etí mu jọ ni, oníbàárà á sì lọ máa tún ohun tí kò bà jẹ́ ṣe. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, kó má sọ ju ohun tó jáde látinú ìpinnu gan-an lọ.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023, ní abala 37, fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan dá irú ẹjọ́ báyìí fún un, àti láti ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara dá sí i. Bọ́tìnnì "Ẹ tẹ ibí" tá a fi síbẹ̀ wá wúlò lọ́nà méjì nìyẹn: ó ń jẹ́ ká gbọ́ tẹnu oníbàárà, ó sì ń mú kí èèyàn dá sí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán àlàyé yín wò lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà, ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Gbogbo èèyàn ló máa ní ó yé òun, pàápàá tẹ́ ẹ bá wọ káàdì ìdánimọ̀ sọ́rùn. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Tí wọ́n bá ti ń sọ pé "wọ́n ní mi ò dáa tó", ẹ padà lọ tún un kọ.

Kẹ́ ẹ tó fi bọ́tìnnì "ẹ sọ fún wa" síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa ka ohun tí wọ́n bá sọ, tó sì láṣẹ láti yí ìpinnu padà. Tí ọ̀gá yín kò bá fẹ́ sanwó fún ẹni yẹn, ẹ má fi bọ́tìnnì sí i.