Kí gan-an niṣẹ́ tíṣà kíláàsì? Ohun tójú mi ti rí rèé

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. O ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kíláàsì lé ẹ lọ́wọ́, ìwé tí wọ́n fi gbà ẹ́ sí iṣẹ́ ò sọ ju kó o kọ́ àwọn ọmọ, kó o sì ṣe "iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn" lọ, bó o ṣe débẹ̀ báyìí ìwọ lò ń máàkì, ìwọ lò ń parí ìjà, ìwọ náà lò ń dá àwọn òbí lóhùn lórí fóònù lóru, o wá ń béèrè pé níbo niṣẹ́ tíṣà parí sí ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ojú mi sì ti rí nǹkan níbẹ̀, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ.

Iṣẹ́ ẹ ni kó o mọ ohun tó ń ṣe ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì yẹn, kó o sì wá nǹkan ṣe sí i. Lẹ́sìn nóòtù o, rẹ́jísítà o, máàkì o, abẹ́ ìyẹn ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá ní ká ṣáà kọ́ wọn ká máa lọ sílé, ẹni yẹn ò tíì dúró níwájú ogójì ọmọ rí.

Rẹ́jísítà tí gbogbo èèyàn ń ráhùn lé lórí yẹn, èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àwọn kan á kàn máa fàmì sí i láì gbójú sókè. Tí mo bá pe orúkọ ọmọ, mo máa ń wojú ẹ̀, mo sì máa ń jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀, torí ọmọ tó máa ń pariwo tẹ́lẹ̀ tó wá dáhùn bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun, ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀ pé nǹkan wà ńlẹ̀. Tó bá sì di ìparí oṣù, ṣí i sẹ́yìn wò dáadáa, o lè rí ọmọ tó jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá ní tẹ́sìtì ni kì í wá.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi nígbà kan, gbogbo tíṣà tó ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ló ní ọ̀lẹ ni. Mo wá kíyè sí i pé kì í wo bọ́ọ̀dù rárá, ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ń wò kọ, tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣì í kọ. Nígbà tí àwọn tó kù jáde lọ ṣeré, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí bọ́ọ̀dù, mo ní kó ka wọ́n fún mi látibi tó máa ń jókòó sí. Kò fọhùn. Mo ní kó sún mọ́ iwájú, ó ka ọ̀kan, ó tún sún mọ́ ọn, ó ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì kọsẹ̀. Mo gbé àga ẹ̀ wá síwájú lọ́jọ́ náà, mo sì kọ̀wé sáwọn òbí ẹ̀ pé kí wọ́n mú un lọ yẹ ojú wò. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ẹ̀ ti bà jẹ́ o, mi ò kì í ṣe dókítà, ohun tí mo rí ni mo kọ. Ibi tíṣẹ́ mi mọ nìyẹn.

Ní ti kíkọ́ni fúnra ẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Mary Budd Rowe gba ohùn àwọn tíṣà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó wá rí i pé tí tíṣà bá béèrè nǹkan, bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ló ń dúró kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dá ara ẹ̀ lóhùn. Nígbà táwọn tíṣà wá ń dúró tó 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í lanu sọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Dán an wò lọ́la, béèrè nǹkan kó o wá panu mọ́, wàá rí bó ṣe máa ń nira tó.

Máàkì ńkọ́? Tó o bá ní gbogbo ìlà lo fẹ́ fi báírò pupa tún ṣe, wàá kú síbẹ̀. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kó o wá. Tí ọmọ mẹ́wàá bá kọ ọ́ pé 1/2 + 1/3 = 2/5, gbogbo wọn ló ro òkè mọ́ òkè, tí wọ́n ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, kí lo wá fẹ́ kọ ohun kan náà sínú ìwé mẹ́wàá fún? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bi wọ́n pé láàárín 2/5 àti 1/2 èwo ló tóbi jù, jẹ́ kí wọ́n yà á kí wọ́n rí i, kó o wá bi wọ́n bó ṣe jẹ́ tá a fi nǹkan kún ìdajì tó wá kéré sí ìdajì. Wọ́n á bá ara wọn jiyàn, ìwọ ṣáà máa gbọ́.

Ọ̀kan wà tí mi ò ní fi ṣeré o. Tí ọmọ bá wá bá ẹ tó ní òun fẹ́ sọ nǹkan fún ẹ àmọ́ kó o ṣèlérí pé o ò ní sọ fẹ́nì kankan, má ṣèlérí yẹn. Sọ fún un pé tí ẹnì kan bá ń ṣe é níbi, ó máa di dandan kó o sọ fún ẹni tó lè gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà jẹ́ kó sọ̀rọ̀, má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, má bú sẹ́kún, má pariwo "hàà". Kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, kó o gbé e fún ẹni tí iléèwé yàn sídìí ẹ̀ kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Má lọ máa ṣe ìwádìí kiri bí ọlọ́pàá, má sì gba ilé wọn lọ. Mo ti rí ibi tí tíṣà tó lọ́kàn rere ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá torí pé ó kọ́kọ́ lọ bi ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Àwọn òbí, tètè pè wọ́n nígbà tí ọmọ wọn ṣe dáadáa, ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹ lọ́jọ́ tí kò bá ṣe dáadáa. Sọ àkókò tó o máa ń gbé fóònù fún wọn, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ó di ọjọ́ kejì nìyẹn.

Ó wá ku "iṣẹ́ mìíràn" tí ọ̀gá ń yàn. ILO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àti UNESCO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ní ìwé àbá kan tó jáde ní 1966 lórí ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà, ó wà níbẹ̀ pé tí wọ́n bá ń pín wákàtí tí tíṣà á fi kọ́ni, kí wọ́n má gbàgbé àkókò tó nílò láti múra sílẹ̀ àti láti yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò. Àbá ni o, kì í ṣe òfin, má lọ nà án sí ọ̀gá ẹ lójú. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, àti iye àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, kí wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nínú gbogbo èyí, èwo lẹ fẹ́ kí n dín kù kí n lè ráyè ti àwọn ọmọ?" Tí wọ́n bá ní kó o má dín ìkankan kù, ó kéré tán wọ́n ti rí i lákọsílẹ̀, tọ́jú ẹ̀dà tìẹ.